Báṣé Tí Wọ́n Gbé Imú Rẹ̀ Sókè ní Akpakpa

Ariwo irin kan ló lé mi jáde kúrò lábẹ́ ibòòji ní Agblangandan, lẹ́bàá Kútọnú, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ mi ọkùnrin ló gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ní ká kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan kí wọ́n bá òun gbé imú ọkọ̀ náà sókè. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tó lágbára láti wọ yanrìn àti ẹrẹ̀ ni, irú èyí tí àwa ará Kútọnú ń pè ní báṣé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe wọ́n nìyẹn: ẹ̀yìn a ga, imú a tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹrù máa wà. Ọmọ mi fẹ́ kí iwájú òun ẹ̀yìn dọ́gba. Wọ́n fún mi ní àga, mo jókòó, mò ń wo àwọn géńdé méjì tí wọ́n ń de irin tuntun mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn fi sípánà yí òrùka tó wà lábẹ́ sípíríǹgì, sípíríǹgì náà sì ké, kíún, kíún, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo dìde, mo lọ dúró sínú oòrùn lẹ́bàá títì títí wọ́n fi parí. Ọmọ mi rò pé ooru ló mú mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ ń rí Akpakpa ní Kútọnú lónìí, ó ṣòro kí ẹ mọ bó ṣe rí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Yanrìn ni gbogbo àdúgbò wa, yanrìn funfun tó máa ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́sàn-án, tí a sì máa ń sáré lórí rẹ̀ láti ibòòji dé ibòòji. Ibẹ̀ ni bàbá mi, Rafiu, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lamidi, jọ ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nàgó, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá lọ́dọ̀ wa, láti Pobè ni àwọn méjèèjì, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n sì ti kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Kútọnú, wọ́n gba ilẹ̀ kan pọ̀. Bàbá mi kọ́ yàrá mẹ́ta sí apá ọ̀tún, Lamidi kọ́ tirẹ̀ sí apá òsì, wọ́n sì fi àárín ṣe ibi iṣẹ́. Inú òórùn epo ọkọ̀ ni a ti jí, inú rẹ̀ náà ni a ti sùn. Àwọn ìyá wa a máa sá aṣọ jìnnà sí ibi tí wọ́n to táyà sí, síbẹ̀ kò sí aṣọ kan tí a ní tí kò ní àmì dúdú. Àlùfáà ilé kéú wa máa ń sọ pé òun ti mọ̀ pé à ń bọ̀ kí a tó yọ ní kọ̀rọ̀, pé afẹ́fẹ́ ló ń sọ fún òun.

Sikira ni ọmọ Lamidi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jù mí, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò rán mi létí pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Igi fúrúùtù kan wà ní àárín àgbàlá, abẹ́ rẹ̀ ni a ti máa ń fi àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké tó ń jáde nínú bẹ́ríìnì tó ti kú ta ayò. Bí ó bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ, Faransé ló máa ń fi pariwo, nítorí ó mọ̀ pé mi ò lè bá a jà ní Faransé. Bí mo bá dá a lóhùn ní Nàgó, á ní òun ò gbọ́.

Àwọn bàbá wa kò jọra. Tèmi ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí nǹkan bá rú u lójú, á gbé ṣọ́ọ̀kì, á máa yàwòrán irin sára ògiri wa títí ìyá mi á fi bínú. Lamidi kúrú, ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀, àní ó máa ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, á lọ láti ọkọ̀ kan dé èkejì, á fọwọ́ kàn wọ́n lórí, á bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Ó ní èyí tó bá dákẹ́ ni àìsàn rẹ̀ le jù.

Obìnrin Fọ̀n kan tí a ń pè ní Tàntí Bẹ́bì ló mú báṣé rẹ̀ wá. Ẹja ló ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń fa àwọ̀n ní etí òkun Fidjrossè. Imú ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ púpọ̀, nítorí sípíríǹgì iwájú rẹ̀ ti gbó, bí ó bá sì ti wọ yanrìn, á rì bí ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ ń tú ilẹ̀. Àwọn tó ń fa àwọ̀n ni á wá so okùn mọ́ ọn, wọn á fà á bí wọ́n ṣe ń fa ẹja, tàwọn ti orin lẹ́nu. Ojú máa ń ti Tàntí. Ó ní kí bàbá mi bá òun gbé imú rẹ̀ sókè, àmọ́ kó jẹ́ èyí tí òun lè ní kí wọ́n rọ̀ sílẹ̀ padà bí òun bá fẹ́ tà á.

Lóde òní, irú irin bẹ́ẹ̀ wà nínú páálí. Nígbà náà, kò sí. Igi tàbí rọ́bà táyà ni àwọn ẹlòmíràn máa ń gé há sábẹ́ sípíríǹgì, kì í sì í pẹ́ kó tó fò jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá mi fi yàwòrán sára ògiri. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Àjàṣẹ́, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ gé irin. Ó ní kó bá òun gé páìpù nínípọn méjì, kó sì gbẹ́ eyín síkúrúù sí wọn lára yípo, kí òrùka irin kan lè máa gùn wọ́n lọ sókè, sọ̀ kalẹ̀. Lórí òrùka náà ni sípíríǹgì máa jókòó. Bí a bá yí òrùka sókè, imú ọkọ̀ á ga. Bí a bá yí i sílẹ̀, á rọlẹ̀. Ìborùn ìyá mi ló fi wé àwọn irin náà délé. Mi ò rí kí inú bàbá mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, kó tó dìgbà náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Nǹkan kan wà tó gbàgbé ní Àjàṣẹ́. Sípíríǹgì ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń tú lásán. Agbára ló wà nínú rẹ̀, a ní láti fún un pọ̀ kí a tó lè ṣí irin orí rẹ̀. Ìkọ́ gígùn méjì tó ní síkúrúù la fi ń fún un, ọ̀kan ní apá ìhín, ọ̀kan ní apá ọ̀hún, a ó sì máa fi sípánà yí wọn díẹ̀díẹ̀. Eyín síkúrúù ọ̀kan nínú ìkọ́ bàbá mi ti jẹ, kì í di nǹkan mú dáadáa mọ́. Gbogbo àgbàlá ló mọ̀. Ó ti sọ pé bí òun bá ti dé Àjàṣẹ́ òun á ra òmíràn. Ayọ̀ ohun tuntun yẹn kò jẹ́ kó rántí.

Ọjọ́ Sátidé ni, láàárọ̀. Wọ́n gbé iwájú báṣé náà sókè, wọ́n kó igi sí i lábẹ́, wọ́n yọ táyà méjèèjì. Wọ́n ṣe apá òsì tán láìsí wàhálà. Bàbá mi fi okùn wọn gíga rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Lamidi ní ọkọ̀ náà ti dà bí ẹni tó gbé èjìká kan sókè láti fi ta ko ìyàwó rẹ̀. Wọ́n rán Sikira lọ ra àkàrà. Èmi dúró lábẹ́ igi, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí wọn.

Lamidi jókòó sórí àpótí, ó há sípíríǹgì apá ọ̀tún sáàárín orúnkún rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Bàbá mi ń yí ìkọ́. Lamidi gbójú sókè.

"Rafiu, ìkọ́ yìí ń yọ̀."

"Díẹ̀ ló kù," ni bàbá mi wí. "Dì í mú."

Mi ò rí i nígbà tó fò. Ariwo rẹ̀ ni mo gbọ́, bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu agbada. Irin náà gbá Lamidi ní ọrùn, lábẹ́ àgbọ̀n. Kò ṣubú. Ó rọra fẹ̀yìn ti ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi, ẹ̀jẹ̀ sì bo àyà rẹ̀. Bàbá mi ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ di ọrùn rẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lè rìn nínú àgbàlá lọ́jọ́ náà ni báṣé yẹn, kò sì ní táyà. Alùpùpù aládùúgbò kan ni wọ́n fi gbé e, ẹni tó ń wà á níwájú, Lamidi láàárín, bàbá mi lẹ́yìn tó gbá a mọ́ra. Bí wọ́n ṣe ń jáde ni Sikira ń wọlé pẹ̀lú abọ́ àkàrà. Lamidi kú lórí afárá tó wọ àárín ìlú, kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Pobè ni wọ́n sin ín sí, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a lọ ṣe fídáù ní Pobè. Àwọn àgbà ìdílé béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ní irin ló fò. Wọ́n ní kádàrá ni, wọ́n ṣe àmín. Bàbá mi náà ṣe àmín. Sikira fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Ìwọ wà níbẹ̀," ó ní. "Kí ni bàbá mi sọ kẹ́yìn?"

Láti ibi tí a dúró sí, mò ń rí ẹ̀yìn bàbá mi níbi tó jókòó sí lórí ẹní.

"Kò sọ nǹkan kan," ni mo wí.

A padà sí Kútọnú. Bàbá mi ra ìkọ́ tuntun, ó sì dá parí apá ọ̀tún báṣé náà láìgbà kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ náà dúró dọ́gba, ó wọ yanrìn Fidjrossè, kò rì mọ́. Tàntí Bẹ́bì gbé odidi ẹja yíyan wá láti fi dúpẹ́. Ìyá mi wò ó títí, ó gbé e fún àwọn aládùúgbò. Àwọn èèyàn ń wá láti Sèmè pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. "Mi ò ṣe é mọ́," ni bàbá mi máa ń sọ, á sì wọlé. Títí tó fi kú, kò fọwọ́ kan sípíríǹgì ọkọ̀ kankan mọ́.

Nígbà tí ìyá Sikira jáde opó, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Pobè. Sikira jókòó sáàárín ẹrù nínú ọkọ̀, ó kọjú síwájú. Bàbá mi máa ń fi àpò ìrẹsì rán awakọ̀ sí wọn. Wọ́n gba ti àkọ́kọ́. Gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e ni awakọ̀ ń gbé padà wá, okùn ẹnu wọn ṣì wà bí a ṣe dì í. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Bàbá mi kò béèrè, kò sì dẹ́kun àtirán an.

Ọjọ́ kejì tí a ti Agblangandan dé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Pobè. Mo béèrè títí mo fi rí Sikira. Epo pupa ló ń tà, ó ti di ìyá àgbà, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Lamidi sì wà lójú rẹ̀ kedere. A kíra, a sunkún díẹ̀ bí àwọn arúgbó ṣe ń sunkún. Mo wá sọ fún un ohun tí bàbá rẹ̀ sọ kẹ́yìn, mo sọ èsì tí bàbá mi fọ̀, mo sì sọ pé irọ́ ni mo pa lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kẹjọ. Ó ń rọ epo sínú ìgò. Ó rọ ọ́ kún, ó dé e.

"Màmá mọ̀," ó ní. "Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi sọ fún un pé Rafiu kò ra ìkọ́ tuntun, ṣùgbọ́n inú ọ̀rẹ́ òun ń dùn, òun ò fẹ́ bà á jẹ́ fún un. Màmá dúró kí bàbá rẹ wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Títí ó fi kú ló ń dúró. Ìrẹsì ni ẹ ń rán wá."

Sikira gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù.

"Ohùn wo ni bàbá mi fi sọ ọ́? Ṣé ẹ̀rù ń bà á ni, àbí ó ń ṣeré?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí mi bí ó ṣe wà láti ọjọ́ náà, ẹyọ kan kò sọnù. Ohùn ẹni tó sọ ọ́ ni mi ò gbọ́ mọ́. Mi ò mọ ọjọ́ tí ohùn náà lọ.

Ilé iṣẹ́ ló ń fún sípíríǹgì pọ̀ fún wọn báyìí, kí ó tó dé Kútọnú. Àwọn géńdé Agblangandan kàn dè é mọ́ ọkọ̀ ni, wọ́n yí òrùka, wọ́n wọn ọ̀tún, wọ́n wọn òsì, ó parí. Kò sí ẹni tó tún ń há ikú sáàárín orúnkún nítorí kí ọkọ̀ lè dọ́gba, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Àgbàlá wa ti di ilé alájà mẹ́ta, wọ́n ti gé igi, wọ́n ti tẹ́ òkúta lé yanrìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ayọ̀ ń mú kánjú ṣì pọ̀ láyé, ẹni tó rí ewu tó sì dákẹ́ nítorí ìfẹ́ náà ṣì pọ̀, àwọn tó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò dé kò sì tíì tán.

Sikira máa ń pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ Jímọ̀. Kì í béèrè ìlera mi. Ó máa ń béèrè irú fìlà tí bàbá òun máa ń dé níbi iṣẹ́, ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọkọ̀ láàárọ̀, ọwọ́ tó fi ń jẹun nígbà tí epo bá bo ọ̀tún. Èyí tí mo bá mọ̀, mo máa ń sọ fún un. Èyí tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń sọ pé mi ò rántí.