Òkè Yìnyín Tí Kò Ní Ilé Ìdáná

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Co-op City, ní New York, nígbà tí èmi àti Àdùkẹ́ ìyàwó mi ń kó àpò wa lọ sínú ọkọ̀. Màmá àgbà kan, ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé lókè wa, bá wa nínú ẹ́lífétọ̀, ó sì bi wá pé òkú ta ni à ń lọ sin. Mo ní a ò lọ sìnkú. Ó ní ìgbéyàwó ńkọ́? Mo ní rárá, èmi àti ìyàwó mi kàn fẹ́ lọ ṣeré nínú yìnyín ni. Màmá wò mí, ó wo Àdùkẹ́, ó ní, "Olúwa á mú yín lọ, á mú yín bọ̀." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbàdúrà fún aláìsàn.

Ẹ má bá màmá wí. Àwa kì í déédéé rìnrìn àjò. Ẹni tó bá kúrò nílé rẹ̀, ó ń lọ kí ẹnì kan ni. Gbogbo ìsinmi tí a ti ní ní Amẹ́ríkà, Houston la ti lò ó, nílé ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Délé. Ilé náà dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni Àdùkẹ́ níbẹ̀, ìyàwó ilé kì í sì í jókòó. Ní New York, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń ṣe. Bó bá dé Houston, ó di ìkòkò àti abọ́. Lọ́dún yìí ó sọ fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ pé bí mi ò bá lè mú òun lọ síbi tí òun á ti sinmi, kí n máa dá lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, òun á máa fi ìsinmi òun ṣiṣẹ́. Mo mọ Àdùkẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ báyẹn, ó ti pinnu.

Èmi ni mo dábàá òkè yìnyín. Àwọn òyìnbó máa ń so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa yọ̀ láti orí òkè wá sílẹ̀. Síkì ni wọ́n ń pè é. Vermont ni mo kọ́kọ́ mú, torí pé ọmọ ìjọ wa kan ń gbé nítòsí òkè ibẹ̀, a lè sùn sílé rẹ̀. Àdùkẹ́ ní, "Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ṣé á jẹ́ kí n jókòó?" Mo mú òkè mìíràn ní Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti ń yáni ní ilé onípákó tó ní ilé ìdáná ńlá. Mo ti ń ro ti ẹ̀bà. Ó ní, "Bàbá Tóyìn, ta ló máa dáná níbẹ̀?" Bó ṣe di pé à ń wá òkè tí kò ní ilé ìdáná nìyẹn. Ọ̀kan la rí ní Catskill, kékeré, tí kò lókìkí rárá, tí òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ń se oúnjẹ fún àlejò.

Ọ̀nà náà dán títí a fi kúrò lójú títì ńlá. Lẹ́yìn náà ó tóóró, yìnyín tí wọ́n wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sì ga bí ògiri. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín má baà dì. Nílé wa, ọbẹ̀ ló ń jẹ iyọ̀. Níbẹ̀, títì ló ń jẹ ẹ́. Ọyẹ́ tí à ń sá fún ní kékeré, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù ibẹ̀. Nígbà tí a dé òkè náà, tí wọ́n gba dọ́là márùndínlọ́gọ́rin lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún bàtà, pátákó àti ẹ̀kọ́, Àdùkẹ́ ò sọ pé ó wọ́n. Ìyẹn dẹ́rù bà mí.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan tó kéré sí Tóyìn ọmọ wa ni olùkọ́ wa. Ó kó wa lọ sí ẹsẹ̀ òkè, ó ní kí a tẹ orúnkún díẹ̀, kí a má dúró gbọọrọ. Èmi dúró gbọọrọ, ṣebí ọkùnrin ni mí. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti nà gbalaja, àyà mi lẹ̀ mọ́ yìnyín. Mo dìde, mo tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Àdùkẹ́ ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ dìde, yìnyín ti gbọ́ kíkí yín."

Ó wá kan òun. Ó tẹ orúnkún bí obìnrin wa tó ru ẹrù ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ bó bá pàdé àgbà lójú ọ̀nà, tí kò lè kúnlẹ̀ tán: orúnkún tẹ̀, ẹ̀yìn nà, orí ò mì. Ó yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó dé ìsàlẹ̀, ó dúró. Olùkọ́ béèrè pé níbo ló ti kọ́ ọ.

"Ní Ìṣẹ́yìn," Àdùkẹ́ dá a lóhùn. "Lọ́dọ̀ ìyá mi. Ìkíni ni."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Àdùkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé àyà tó ń dùn mí.

Lọ́sàn-án, wọ́n gbé ẹ̀wà pupa tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ sè wá fún wa. Ṣílì ni wọ́n ń pè é, ata ibẹ̀ ò sì tó nǹkan. Mi ò ráhùn. Ẹlòmíràn ló sè é, ẹlòmíràn ló máa fọ abọ́. Àdùkẹ́ na ẹsẹ̀ síwájú iná, ó ń mu tíì, ó ní, "Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń jókòó ní Houston?" Mo bu ẹ̀wà sẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì, àga tí okùn irin ń fà gbé Àdùkẹ́ àti olùkọ́ lọ sórí òkè. Èmi dúró nísàlẹ̀, mo ń wòkè. Ìgbà tí mo máa rí i, ó ti ń bọ̀, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, àwọn ọmọ òyìnbó ń bìlà fún un. Ó dúró níwájú mi, ó ní, "Mo fẹ́ tún lọ." Mo mọ̀ nígbà náà pé a ti borí.

A ò tíì tú ẹrù nílé tí Bùrọ̀dá Délé fi pè lórí fóònù. "Akin, ṣé ẹ ń bọ̀ ní Àjíǹde? Ó ti pẹ́ tí ìyàwó wa ti se ẹ̀fọ́ fún wa."

Mo wo Àdùkẹ́.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. A máa wá kí yín, àmọ́ àlejò ni Àdùkẹ́ máa jẹ́. Èmi ni n ó dáná."

"Ìwọ? Kí lo mọ̀ ọ́n sè?"

"N ó kọ́ ọ, sà."

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé obìnrin lè sinmi, bí ọkọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ dìde. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo bi Àdùkẹ́ pé níbo la máa ń kó ìkòkò sí.