Ẹ̀wà Ìbejì Dé Ilé Ajẹ́lẹ̀

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìyá mi o!

Láàárọ̀ yìí, ògbufọ̀ Òyìnbó Ajẹ́lẹ̀ sọ fún wa pé òní ni ọjọ́ ìbí ọ̀gá òun, òní náà sì ni ti ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Kíá, ìyá mi ti se ẹ̀wà sàráà, ó gbé e dé ilé Ajẹ́lẹ̀.

Ògbufọ̀ ní: "Ìyá, ẹ̀wà kí nìyí?"

"Ẹ̀wà ìbejì."

"Ìbejì wo?"

"Ṣebí ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí ọ̀gá rẹ àti ọba? Táyé ni tiwa yìí. Kẹ́hìndé jókòó sílé, ó rán an wá tọ́ ayé wò n'Ílọrin!"

Wallahi, Ajẹ́lẹ̀ jẹ ẹ̀wà náà tán!

Ìyá mi ti bu ti Kẹ́hìndé sígbá. Ta ló ń lọ Lọ́ńdọ̀nù nínú yín? Ẹ tètè dáhùn, ẹ̀wà ti fẹ́ kan.