Ìlà Kẹ́tùlù ní Treichville

Òórùn àlókò ló máa ń kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ mi: ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí wọ́n ń dín nínú epo gbígbóná, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gbé e kiri òpópónà Treichville ní Abidjan, títí aṣọ ẹni yóò fi máa rùn bí ibi ìdáná. Iwájú gbọ̀ngàn kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí ni a wà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà. Wọ́n lẹ àwòrán sinimá Yorùbá kan mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ fi í hàn kí àwọn tó gbé e wá láti Nàìjíríà tó gbé e padà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Bí ìjókòó bá sì tán, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló mú mi wá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni; Abobo ló ń gbé, ó sì ń ta aṣọ ní ọjà Treichville. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká, inú fóònù ló ti ń wo sinimá, òun nìkan, lórí ibùsùn rẹ̀. Èmi wà ní yunifásítì nígbà náà. Mo gbọ́ Yorùbá ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Bí Màmá bá bá mi sọ̀rọ̀, Faransé ni mo fi ń dá a lóhùn. Inú rẹ̀ kì í dùn sí i, ṣùgbọ́n kò fi í bú mi rí.

Ìlà náà gùn, àwọn ìyá ọjà ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní òdìkejì títì, àwọn awakọ̀ takisí wôrô-wôrô ń dúró de èrò, wọ́n sì ti rí ohun tí wọn yóò máa wò: àwa. Ọ̀kan nínú wọn, tó gbé awò ojú dúdú lé iwájú orí, ni olórí ẹlẹ́yà. Ó pe Màmá ní Tantie, bí ẹni ń pe àǹtí rẹ̀.

“Tantie, ṣé ìrẹsì ni wọ́n ń pín níbẹ̀ ni?”

Màmá ò tilẹ̀ yíjú. “Bó bá jẹ́ ìrẹsì ni, ọmọ mi, ìwọ ni ìbá wà níwájú.”

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Anángó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní ìlú yẹn, ó sì na orúkọ náà bí ẹni ń na rọ́bà: “Ẹ̀yin Anángó yìí! Gbogbo oòrùn yìí, torí fíìmù? Ó wà nínú fóònù kẹ̀!”

Màmá wá kọjú sí i, ó sì fi Dyula, èdè ọjà ìlú náà, dá a lóhùn kó lè yé e yékéyéké. “Mo mọ̀ pé ó wà nínú fóònù. Ṣùgbọ́n nínú fóònù, èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín.”

Ìwọ náà ti rí àwọn tó ń tò síwájú pápá bọ́ọ̀lù láti òwúrọ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kun ojú. Olùfẹ́ orílẹ̀-èdè ni a ń pè wọ́n. Àwọn tó ń tò nítorí físà, ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí obìnrin tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó tán tò láti gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ láàárín èrò, wèrè ni! Ta ló dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Mi ò gbà á nígbà náà, mi ò sì tíì rí ẹni tí yóò mú mi gbà á. Ẹni tí kò fẹ́ràn ohun kan tó láti dúró dè é nínú oòrùn kò ní ẹ̀tọ́ láti wọn ìfẹ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tó tó àkókò ìrun ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá náà fi omi kẹ́tùlù tí wọ́n gbé wá ṣe àlùwàlá létí gọ́tà. Kàkà kí wọ́n fi ipò wọn sílẹ̀, oníkálukú gbé kẹ́tùlù rẹ̀ sí ibi tó dúró sí, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan tí wọ́n fi wáyà so etí rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi tí mo kéré jù máa ṣọ́ wọn, kí n kírun tèmi bí wọ́n bá dé. Wọ́n sì gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ. Bí mo ṣe di ọ̀gágun àwọn kẹ́tùlù nìyẹn. Ẹ̀rín tó sọ ní òdìkejì títì, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. “Ẹ wá wò ó! Kẹ́tùlù ń lọ sí sinimá!”

Mo dúró ṣinṣin. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi: bí ipò yẹn bá bọ́, Màmá yóò padà sí Abobo lọ wo fóònù rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ kan sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n múra dáadáa, wọ́n sì bọ́ síwájú mi tààrà. Mo ní ẹnìkan ló ni ipò náà. “Kẹ́tùlù kì í wo fíìmù,” ni ọ̀kan wí, ó sì fi ẹsẹ̀ yí ti Màmá dànù. Omi tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Kí n tó la ẹnu, awakọ̀ aláwò dúdú ti sọdá títì.

“Gbé e dìde.”

“Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?”

“Ìrun ni ẹni tó ni ín ń kí. Gbé e dìde, kí o padà sẹ́yìn ìlà.”

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo àwọn awakọ̀ yòókù tí wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́, wọ́n sì ṣe bó ti wí. Awakọ̀ náà wá rí bí mo ṣe ń wò ó. “Má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Èèyàn ni mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe kẹ́tùlù.”

Àwọn ìyá dé, èmi náà sáré lọ kírun tèmi, mo sì padà sí ẹ̀yìn wọn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá wọlé. Ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ bọ́ sílẹ̀ níwájú mi: ìjókòó ti tán. Màmá yíjú padà, ó fẹ́ jáde. “Ọmọ mi wà níta.” Mo fi Yorùbá díẹ̀ tí mo ní pariwo pé, “Màmá, ẹ jókòó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó!” Ilẹ̀kùn sì pa dé.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín àwọn kẹ́tùlù tí àwọn ìyá fi sílẹ̀ níta. Kò pẹ́ tí awakọ̀ náà fi dé pẹ̀lú àlókò nínú bébà. “Wọn ò jẹ́ kí o wọlé, lẹ́yìn gbogbo ìṣọ́ yẹn?” Ó jókòó, ó ní kí n jẹ. Fèrèsé kékeré kan wà lókè orí wa, gbogbo ọ̀rọ̀ fíìmù náà sì ń gba ibẹ̀ jáde. Lójijì ni gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ti Màmá láàárín wọn, tó ga, tó ń fọ́ bí àwo.

“Kí ni wọ́n sọ?” ni awakọ̀ bi mí.

Nínú fíìmù náà, ọkọ kan ló ń búra pé òun ò fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀, àwọn ìyá nínú gbọ̀ngàn sì ń pariwo pé epo ń dán lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Ẹ kú ebi o, olówó orí mi.” Ẹ wo bí mo ṣe làágùn kí n tó túmọ̀ rẹ̀! Faransé kò ní ìkíni fún ẹni tí ebi ń pa. Mo ní láti ṣàlàyé pé ní èdè wa, kò sí ipò tí èèyàn lè wà tí a ò ní kí i sí i: òjò, oòrùn, ìjókòó, ìrìn. Ó ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bú sẹ́rìn-ín, nígbà tí gbogbo gbọ̀ngàn ti dákẹ́.

Bí a ṣe ṣe é títí fíìmù fi parí nìyẹn. Wọn á rẹ́rìn-ín nínú ilé, n óò túmọ̀, òun á rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. Mi ò fetí sí Yorùbá bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, nítorí mi ò tíì ní láti fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ rí.

“Ẹni tó dúró lórí ìlà ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń kí i?” ló bi mí kó tó dìde. Mo sọ fún un. Nígbà tí àwọn ìyá ń jáde, tí ohùn Màmá ti há, ó dìde dúró, ó sì fi ahọ́n Abidjan rẹ̀ lọ́ ìkíni náà: “Ẹ kú ìdúró o, Tantie!”

“A dúpẹ́, ọmọ mi,” ni Màmá wí. “A dúró, a sì jókòó.” Nínú gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tó gbé wa lọ sí Abobo, ó sọ ìtàn fíìmù náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Èdè tí mo fi ń kọ̀wé lónìí, tí mo fi ń bínú, tí mo fi ń jà, orí àtẹ̀gùn yẹn ni mo ti gbà á. Àwọn kan máa ń sọ pé ohùn mi le jù. Bóyá. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ti kọ látìgbà náà kò ju ọ̀kan lọ: mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹni tó fi wá ṣẹ̀sín, mo ń sọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín fún un, mo sì ń ní sùúrù títí ẹ̀rín tirẹ̀ yóò fi dé.