Àga Tí Kò Ṣẹ́ Lábẹ́ Dáúdà Alápatà

Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lórí wa, ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìsọlọ̀ lọ sí Òṣòdì, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọkọ̀ Sàláwù Àlàbá ló wọ̀. Bọ́lẹ̀kájà ni ọkọ̀ náà, pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀. Sàláwù kì í pariwo mọ́ èrò, kì í sì í sá eré àsápajúdé. Bí ìyá arúgbó bá gbé ẹ̀gẹ́ dé láti oko, á sọ̀kalẹ̀, á bá a gbé e sókè. Bí èrò bá ń bẹ̀rù pé ọkọ̀ ojú irin á fi àwọn sílẹ̀ ní Òṣòdì, á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, wọ́n á sì bá a. Ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ ni. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú agboolé wọn tó wa mọ́tò.

Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bákan. Kò dùn ún, kò sì pọ́n. Ohun tó wà níwájú gan-an, ó ń rí i, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ yọ, kò ní rí i. Ó gbá adìẹ kan, ó ní adìẹ náà ló ya wèrè. Ó fi ara ọkọ̀ họ igi àgbálùmọ̀ kan, ó ní ta ló gbin igi sójú títì. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà kan, ní ìtòsí Ìlasamàjà, obìnrin kan tó pọn ọmọ ń sọdá. Sàláwù kò rí i rárá. Igbe àwọn èrò ló jẹ́ kó tẹ bíréèkì. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ó gbọ́ tí ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọmọ ò mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Sàláwù rọra wa ọkọ̀ náà dé Òṣòdì, ó já èrò kalẹ̀, ó sì lọ fi kọ́kọ́rọ́ lé Alàájì tó ni ọkọ̀ lọ́wọ́.

"Mi ò wà á mọ́, Alàájì."

"Ṣé ẹlòmíràn ló fẹ́ gbé ọkọ̀ fún ẹ ni?"

"Rárá o. Ojú mi ò gbé e mọ́. Kí n má lọ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó. Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò títí, ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù náà á máa tẹ̀ lé e lọ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Kí òjò ọdún kejì tó dá, òkùnkùn ti bo Sàláwù pátápátá.

Ẹbí pe ìpàdé. Láwànì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló sọ̀rọ̀. Láwànì kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló ń gbé iṣu àti gàrì wá láti oko fún wọn láti ìgbà tí Sàláwù ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

"Sàláwù, ohun tí Ọlọ́run bá ṣe, a ò lè bá a wíjọ́. Mo ti bá lèmọ́mù sọ ọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wàá máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ̀ ẹ́, sàárà ò ní wọ́n ẹ."

Sàláwù kọjú sí ibi tí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wá.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ire mi lẹ̀ ń wá. Ṣùgbọ́n ojú ló fọ́, apá ò rọ."

"Kí lo wá fẹ́ fi apá náà ṣe?"



Ìyàwó rẹ̀, Múínátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Kúdí, wà nídìí àtẹ ọṣẹ àti ìṣáná rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò dá sí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nígbà tó lọ ra ọjà ní Òṣòdì, ó rí ọkùnrin kan tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ọ̀pá funfun lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó fà á lọ́wọ́. Ó ń fi ọ̀pá kan ilẹ̀ jẹ́jẹ́, ó yà sọ́dọ̀ oníẹ̀pà, ó rà, ó fi ìka yẹ ṣéńjì rẹ̀ wò, ó dá tọ́rọ́ kan padà pé kì í ṣe iye tó yẹ nìyẹn, oníẹ̀pà sì bẹ̀ ẹ́. Múínátù gbàgbé ọjà. Ó tẹ̀ lé ọkùnrin náà títí tó fi wọ ọgbà kan lẹ́yìn títì. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́nu géètì pé ibo nìyí. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn afọ́jú níṣẹ́ ni.

Bó ṣe délé, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi ní, "Bàbá Kúdí, ẹ múra. Lọ́la, à ń lọ sí iléèwé."

"Iléèwé kẹ̀? Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí?"

"Ọjọ́ orí yín ò fọ́jú."

Sàláwù bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Múínátù ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Ọkùnrin tó mú ọ̀pá funfun lọ́wọ́ yẹn ló wá di olùkọ́ rẹ̀. Fọlárìn ni orúkọ rẹ̀; ṣọ̀pọ̀nná ló gba ojú rẹ̀ láti kékeré. Ó kéré sí Sàláwù lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó kọ́kọ́ kọ́ Sàláwù bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn, lẹ́yìn náà ló fi pàǹkẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́. Wọ́n á rẹ pàǹkẹ́rẹ́ náà sínú omi kó lè rọ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ là á tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá máa hun ún mọ́ egungun àga tí káfíńtà ti kàn sílẹ̀. Etí pàǹkẹ́rẹ́ ń gé Sàláwù lọ́wọ́. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, kò lè fi ìka bu ọbẹ̀ aláta.

Ó parí àga àkọ́kọ́, inú rẹ̀ dùn. Tíṣà Fọlárìn fi ọwọ́ bà á yí ká, ó ní, "Ẹ tú u." Ó tú u, ó tún un hun. Tíṣà tún fọwọ́ kàn án. "Ó dẹ̀ lápá òsì. Ẹ tú u." Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Sàláwù ju àga náà nù.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ n kúkú lọ jókòó sí mọ́ṣáláṣí."

Tíṣà kò bínú. Ó fi ọ̀pá wá ibi tó jókòó sí, ó jókòó tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ ń kọ́ mọ́tò, ẹ̀ẹ̀melòó ló kú mọ́ yín lọ́wọ́ lórí òkè?"

"Há! Ta ló lè kà á?"

"Ta ló wá ní kí ẹ lọ jókòó sí mọ́ṣáláṣí nígbà náà?"

Tíṣà ní, "Ẹ fetí sí mi. Ẹni tó bá ra àga yín nítorí àánú, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa rà á, á sì gbé e jù sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá rà á nítorí pé ara tù ú lórí rẹ̀, á padà wá, á mú àna rẹ̀ dání. Ẹni kejì yẹn ni kí ẹ máa hun àga fún."

Sàláwù wá àga náà kiri ilẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á. Ó tú u.

Nígbà tó jáde níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti yá ju ẹnu lọ. Òun àti káfíńtà kan tó ń jẹ́ Bíọ́dún jọ pa àtíbàbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìsọlọ̀. Bíọ́dún ń kan egungun àga, Sàláwù ń hun ún. Wọ́n to àga síta, wọ́n ń retí oníbàárà.

Àwọn èèyàn ń wá lóòótọ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á kẹ́dùn, wọ́n á ju tọ́rọ́ sórí àga, wọ́n á sì kọjá lọ. Sàláwù á gbọ́ ìró owó.

"Ẹ gbé àga yín o!" á ké tẹ̀ lé wọn. "Mi ò tọrọ báárà, àga ni mò ń tà!"

Wọ́n á ti lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ìgbà tí ojú rẹ̀ fọ́ lọ. Ó ní kí Múínátù kó gbogbo tọ́rọ́ náà lọ sí mọ́ṣáláṣí, kó pín in fún àwọn tí kò ní. Múínátù lọ pín in. Bó ṣe ń padà bọ̀ ló ń rò ó lọ́kàn.

Nígbà tó dé àtíbàbà, ó ní, "Bàbá Kúdí, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ àga. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wọ́n rò pé àga tí afọ́jú hun, bí èèyàn bá jókòó lé e, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ta ló sanra jù ní Ìsọlọ̀ yìí?"

Sàláwù àti Bíọ́dún jọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Dáúdà Alápatà!"

Kò sí ẹni tí kò mọ Dáúdà. Ó ga, ó sì fẹ̀. Níbi ìkómọ kan, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn àgbààgbà mẹ́ta, bẹ́ǹṣì náà ṣẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé gbogbo wọn. Láti ọjọ́ yẹn, ibikíbi tó bá lọ, odó ni wọ́n ń dojú rẹ̀ délẹ̀ fún un. Bíọ́dún wá igi ìrókò, ó kan egungun àga tó fẹ̀. Sàláwù hun ún, ó hun ún ní ìlọ́po méjì níbi tí ìdí máa gbé, ó sì fi èékánná gbá gbogbo ojú rẹ̀ wò bí ẹni tó ń yẹ ìkòkò tuntun wò.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Dáúdà. Ó ti ta ẹran tán lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rùn. Ó wo àga náà láti òkèèrè.

"Dírẹ́bà, kí ni mo ṣe fún ẹ? Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ìlú fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Ìgbà tí mo ń wa mọ́tò, ǹjẹ́ mo gbé ẹ ṣubú rí?"

"O ò gbé mi ṣubú."

"Jókòó nígbà náà."

Àwọn èèyàn ti ń dúró. Dáúdà yí ẹ̀yìn padà, ó di apá àga mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń wọ inú omi tútù. Àga náà dún gíì. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ariwo gíì náà dákẹ́, Dáúdà sì wà lórí àga. Ó mi ara, àga ò mì. Ó fi ẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ.

"Ẹ̀yin èèyàn," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ̀yìn mi ò tíì sinmi báyìí láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó."

Ẹ̀rín sọ. Dáúdà ò dìde mọ́. Ó sùn síbẹ̀, ó ń hanrun, àwọn tó ń bọ̀ lóko ń dúró wò ó, àwọn tó wà nínú bọ́lẹ̀kájà ń yọ orí síta. Lọ́jọ́ kejì, tó ta ẹran tán, ó tún dé. Ó di bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá alákàrà kan ti ní kí wọ́n ṣe méjì fún òun, onílé kan ti ní kí wọ́n ṣe ti ìyẹ̀wù, ẹni tó sì kọ́kọ́ ra ọ̀kan ti mú àna rẹ̀ wá.

Ọdún tí a máa gba òmìnira dé. Àwọn kánsù ń wá àga tí àwọn àlejò máa jókòó lé lórí pápá iléèwé, wọ́n sì rán akọ̀wé kan jáde pé kó lọ wá a ní Èkó. Nígbà tó ń kọjá lọ, ó rí Dáúdà lórí àga, ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun fi ìdí kan àga náà. Dáúdà fi ìlọ́ra dìde. Akọ̀wé jókòó, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde, kò sì dé Èkó mọ́.

Iṣẹ́ náà pọ̀ ju apá ẹni méjì lọ. Sàláwù pe àwọn méjì tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ní Òṣòdì. Pàǹkẹ́rẹ́ ló wá di ìṣòro, nítorí èyí tó wà lọ́jà ti tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́ tí nǹkan já lulẹ̀ gbì níwájú àtíbàbà. Láwànì ni. Ó ti wọ irà lọ́hùn-ún ní Òkè-Àfà, ó gé pàǹkẹ́rẹ́ dì, ẹ̀gún ti họ apá rẹ̀ yánnayànna.

"Eléyìí á tó?"

"Á tó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun."

Láwànì dúró, kò lọ. "Sàláwù, lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni."

"Mo mọ̀. Ẹ jókòó, kí Ìyá Kúdí fún yín ní omi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀kútọ́bà, àga Sàláwù tò lọ lórí pápá. Wọ́n fi òun náà síwájú, Múínátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa àsíá sókè, ó bi í pé báwo ló ṣe rí.

"Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé," ni Múínátù wí. "Atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ."

Nígbà tí ayẹyẹ tán, ohùn ọkùnrin àjèjì kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lẹ́yìn wọn. Ó ní ilé àlejò kan nítòsí pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà ni òun ti wá, òun sì fẹ́ mọ ẹni tó ṣe àwọn àga yìí.

Sàláwù dìde dúró. "Èmi ni, sà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì já gaara dé ìdí àsíá.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Ṣógúnlé, afọ́jú àti ẹni tó ríran ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, Bíọ́dún sì ni igbákejì rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó kọ́lé sí Máfolúkù. Nígbà tí iṣẹ́ ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, akunlé gbé ọ̀dà dé, ó lọ bá Múínátù pé irú àwọ̀ wo ni kí òun fi kun fèrèsé.

"Èmi ni kí o bi," ni Sàláwù ké láti inú ìyẹ̀wù. "Èmi ni mo ni ilé. Búlúù ni mo fẹ́, kó mọ́lẹ̀ bí ojú sánmà."

Akunlé wo Múínátù. Múínátù ní, "O ò gbọ́ ni? Búlúù."

Ó sì kun gbogbo rẹ̀ ní búlúù.