Ẹ́ríà Tí Mo Gé Kúrú

Ìyá mi kò bẹ̀ mí ní nǹkan púpọ̀ láyé. Èyí tó bẹ̀ mí, mo bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ kọ́lé tuntun sẹ́yìn ilé wa ní Ìlọ́fà. Ẹ̀yìnkùlé yẹn la sin bàbá wa sí nígbà tí mo ṣì ń rákò. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ lásán ni sàréè náà, katapílà tí ẹ̀gbọ́n mi gbà láti tẹ́ ilẹ̀ sì gbá a lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ojú ibẹ̀ mọ́. Ìyá mi kìlọ̀ fún un pé, “Má gbẹ́ ṣaláńgá lé ọkọ mi lórí.” Ó wá yíjú sí mi: “Ùwọ tó ń ṣe uṣẹ́ ẹ̀rọ, bá mi wá a. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ sin mí sí.”

Iṣẹ́ mi ní Ìlọrin nìyẹn: mo ń ṣe ẹ́ríà fún rédà tí ń wo abẹ́ ilẹ̀. Ẹ́ríà, bíi ti rédíò, á ju ìgbì sínú ilẹ̀, á sì gba èyí tó bá padà. Ìgbì gígùn máa ń wọlẹ̀ jìn. Kúkúrú kì í lọ jìnnà, àmọ́ ó máa ń fi nǹkan hàn kedere. Ẹ́ríà gidi gbọ́dọ̀ lè ju méjèèjì, ìgbì gígùn sì ń fẹ́ ẹ́ríà ńlá. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà jẹ́ ìyẹ́ kọ́pà méjì tó dojú kọra bíi ti labalábá, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Ta ló fẹ́ gbé ilẹ̀kùn sórí ọ̀kadà láti Òsí, níbi tí mọ́tò ti máa ń já wa sílẹ̀? Mo gé e títí tó fi wọ àárín èmi àti ọlọ́kadà. Mo dán an wò nínú iyanrìn gbígbẹ, ó rí gbogbo ohun tí mo rì síbẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni tó joyè. Òpònú.

Òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó délé. Amọ̀ pupa ni ilẹ̀ wa, ó sì ti mumi yó. Mo mọ̀ pé amọ̀ tútù máa ń pa ìgbì kúkúrú. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ ọ́ títí ó fi sú wa. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti gbé àga jókòó, ó ń wo ẹnu mi, àwọn ìyàwó ilé ń wo ẹ̀rọ, èmi náà ń wọ́ ẹ́ríà kiri bí ọ̀gá. Nígbà tó yá, ìlà kan tẹ̀ kọrọdọ lójú kọ̀ǹpútà, àmì pé nǹkan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ibí ni.”

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sunkún. Ó ní kí wọ́n fi òkúta yí i ká. Láràárọ̀, tó bá ti kírun tán, á lọ ṣàdúà fún ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò sọ fún ní mọ́sálásí pé ẹ̀rọ ọmọ òun ti rí ọkọ òun.

Ọjọ́ kẹta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣaláńgá, kí n tó padà sí Ìlọrin, ni ẹ̀gbọ́n mi ké sí mi. Lápá kejì ẹ̀yìnkùlé, àwọn agbẹ́lẹ̀ ti kan eegun. Agbárí náà kọjú sí gábàsì, bí a ti ń tẹ́ mùsùlùmí. Ọjà ni ìyá mi wà. Mo mú ọkọ́, mo gbẹ́ àárín àwọn òkúta rẹ̀. Kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan tí mo fi kan páànù ògbólógbòó tí ẹnì kan ká jù síbẹ̀. Mo dà á bò padà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ṣé kí n sọ fún un?”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ.”

Mo ṣe bí ẹni pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Irọ́ ni, ojú ló ń tì mí. A da iyẹ̀pẹ̀ padà sórí bàbá wa, a gbẹ́ ṣaláńgá síbòmíì.

Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá. Àlùfáà bi wá níbi tí wọn ó gbẹ́, gbogbo ẹbí sì nawọ́ sí àwọn òkúta yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo lọ bá wọn gbé ọkọ́ wá.

Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè láti gbà á. Bí mo ṣe ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ mi gbá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀, mo sì gbọ́ tí páànù dún.