Obìnrin Inú Fóònù Ìyá Bíréèkì

Ìyá Bíréèkì ni gbogbo ẹni tó kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù nìyẹn. Nílé, obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀ báyìí, igbe ni ṣáá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tẹ kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bíi pé bíréèkì ni, títí tó fi lu.

Lọ́sẹ̀ kan, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Bátìrì á kún fọ́fọ́ láàárọ̀, kí obìnrin náà tó gbé akẹ́kọ̀ọ́ kejì, fóònù ti kú. Ara fóònù náà á sì gbóná bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí iná.

Ọkọ rẹ̀, tó ń kun ilé, ò mọ nǹkan kan nípa fóònù, ìyẹn ò sì ní kó má dá sí i.

Ó ní, “Ojú ẹ̀ ló mọ́lẹ̀ jù.”

Wọ́n bá dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù títí tí ìyàwó ò fi rí ohun tó ń tẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ kọ ránṣẹ́ sí ọkọ pé, “Ẹ gbé omi kaná, mo ń bọ̀ wá wẹ̀.” Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló rí i gbà. Ìyẹn fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé omi gbígbóná wà lára ẹ̀kọ́ náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ ní ooru ló ń pa bátìrì, ó bá gbé fóònù sínú fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin. Kò pẹ́ tí fíríìjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyàwó fẹ́ mú fóònù, ọkọ ní kò tíì tutù tó. Ló bá ki orí bọ inú fíríìjì.

“Ẹ sọ̀rọ̀ sókè o,” ló ń sọ fún ẹni tó pè é. “Inú fíríìjì ni mo wà.”

Bàbá Télọ̀ ló wá tú àṣírí náà. Àgbàlagbà tó ń ránṣọ ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rù igbe ju gbogbo wọn lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n jọ jáde, Ìyá Bíréèkì ń retí ìpè kan, ó bá gbé ohùn fóònù sókè, èyí tí kì í ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n dé oríta. Ó fẹ́ kí wọ́n máa lọ tààrà, ṣùgbọ́n Bàbá Télọ̀ rọra yà sọ́tùn-ún, láìṣe àṣìṣe kankan.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ yà, Bàbá?”

“Obìnrin yẹn ni, Tíṣà.”

“Obìnrin wo?”

“Ẹ yà sósì,” ni ohùn obìnrin kan wí nínú àpò Ìyá Bíréèkì. Bàbá Télọ̀ yà sósì.

Ìyá Bíréèkì yọ fóònù wò. Máàpù tó ń júwe ọ̀nà ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ó ń lọ sílé tuntun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kó lọ, ẹ̀gbọ́n pè é lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ìkòkò ìsebẹ̀ kan dìjà, inú bí i, ó ṣẹ́rí padà. Fóònù ò ṣẹ́rí padà ní tiẹ̀. Nígbàkígbà tó bá kú tó jí, á bi í bóyá kí àwọn máa lọ, òun náà á tẹ bẹ́ẹ̀ ni láìkà á, kó ṣáà fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n, láti yàrá, láti balùwẹ̀, àní láti inú fíríìjì; ìyẹn ló ń jẹ bátìrì.

Ó fẹ́ pa máàpù náà.

“Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ẹ fi í sílẹ̀,” ni Bàbá Télọ̀ wí. “Kì í pariwo mọ́ èèyàn.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé irọ́ ni. Ó dá fóònù padà sápò. Bàbá Télọ̀ wa ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí sídìí sítíárì, títí wọ́n fi dé iwájú ilé kan tí ẹ̀gbọ́n ti ń sá aṣọ.

“O pẹ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù mi ni ò dáa.”

Ìjà parí síbẹ̀. Ó pa máàpù, ara fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ẹ̀gbọ́n ní òun á sìn wọ́n délé, ó wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, àbúrò náà bá a jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé àti ti ọmọ sì gbà wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ ibi tí Bàbá Télọ̀ á yà sí, tààrà ló ń lọ. Ó kọjá ilé Ìyá Bíréèkì, ó ń wa ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́, ó sì ń kọrin lábẹ́ ẹnu.