Kọ́kọ́rọ́ Ìlú Kùsà

Ìyá ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn kẹta, wọ́n yí i, ó dún kàù. Ilẹ̀kùn ṣí.

“Èyí náà?” Wọ́n wo kọ́kọ́rọ́, wọ́n wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo rọ ọ́.

Aládùúgbò wa ni ìyá yìí l'Ìkòtún, yàrá àwọn àti ọkọ wọn ló kọjú sí tiwa. Bàbá, ọkọ wọn, ti wa kùsà rí lórí òkè níbí, lápá Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, iṣẹ́ kùsà kú, gbogbo awakùsà bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ọlọ tí ìyá fi sílẹ̀ níbẹ̀ la wá gbé. Iléèwé ti lé mi wálé nígbà yẹn. Ìyá ní nígbà tí orí mi ò gba ìwé, kó wá ru ọlọ.

Ìlú náà ò wó o. Kàlẹ́ńdà ṣì wà lára ògiri, bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, eruku ló wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ ń súfèé lábẹ́ páànù. Mo kígbe, “Ẹ kúulé o!” Òkè dá a padà fún mi. Èmi ọ̀dẹ̀ tún dáhùn, “Ẹ káàbọ̀.”

Ilé méjìlá, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá ṣí gbogbo wọn. Ìyá jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Ẹ ṣáà gbọ́: iyùn tí ìyá tó bí wọn fi sílẹ̀ fún wọn ló sọnù nígbà tí wọ́n ń gbé ibẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Àwọn àti bàbá nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́. Látọjọ́ náà, “olè ilé” ni ìyá ń pe bàbá. Tí bàbá bá ní ebi ń pa òun, ìyá á ní, “Àbí ẹ ti jẹ owó iyùn tán ni?” Gbogbo ojúlé wa ló mọ̀.

“Ìyá, kọ́kọ́rọ́ yìí mà dáa o.” Mo rò pé mò ń tù wọ́n nínú.

“Ó ti dáa jù, jàre.” Ojú wọn pọ́n. “Ta wá ló kó o?”

Mo ní bóyá ká bi àwọn ará ilé kejì. Wọ́n wò mí sùn-ùn.

A ò gbé ọlọ. Mi ò rán wọn létí. Ọrùn mi ni mò ń rò.

Bá a ṣe dé Ìkòtún, ìyá kúnlẹ̀ fún bàbá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹrù tẹrù. “Ẹ má bínú, ọkọ mi. Kọ́kọ́rọ́ wa ṣí gbogbo ilé.”

Bàbá gbójú kúrò lára wọn. Wọ́n wo ọwọ́ mi. “Ọlọ ńkọ́?”

Bóyá bàbá ló kó iyùn, bóyá wọn ò kó o, kò yé mi títí dòní. Àmọ́ bí nǹkan mi bá sọnù, kí n tó pe ọmọ mi lólè, mo máa ń kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ mi dán ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé tó kù wò.

Wọ́n ti ń fura sí mi.